Kọ̀ǹpútà Yín Kò Lọ́ra, Ńṣe Ló Ń Dúró De Nǹkan

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn òbí sọ ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibì kan tí iná ti lọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn mi mọ́. Mo tún ibẹ̀ sọ dáadáa níbí.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin àáfáà wa, ẹ̀yin àlájà wa, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó ti Ọ̀fà àti Ajàṣẹ́-Ìpo wá, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú eruku. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ìrun ọ̀sán kò ní dúró dè mí, nítorí náà ẹ forí jì mí bí n kò bá dárúkọ àwọn èèyàn ńlá tó wà níbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo wa la mọ ìtàn tí wọ́n fi ń túmọ̀ orúkọ ìlú yìí. Ìlọ irin. Àwọn àgbà ní òkúta kan wà níbí tí àwọn èèyàn máa ń pọ́n irinṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Ọdẹ tí àdá rẹ̀ bá kú kì í sọ ọ́ sígbó kó lọ ra òmíràn. Ìdí òkúta ló ń gbé e lọ. Ìtàn yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá gbé láptọ́ọ̀pù ọlọ́dún mẹ́jọ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó jù ú sórí tábìlì, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, eléyìí ti darúgbó, ẹ bá mi wá tòkunbọ̀ míì." Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná. Irin kì í darúgbó láàárín ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ń pè ní onílọ̀ọ́ra yẹn kò lọ́ra, ó ń dúró de nǹkan ni. Ẹ wo ibi ìnáwó. Iná ń jó, ìkòkò ti gbóná, ìyá olóúnjẹ ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, ọmọ tí wọ́n rán lọ ra tàtàṣé ní Ìpàta ni kò tíì dé. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ṣé ìyá olóúnjẹ lẹ máa bá jà? Ẹlòmíì á tilẹ̀ lé e lọ, á gba alásè tuntun, owó á jáde, ọmọ kan náà ni wọ́n tún máa rán lọ sọ́jà.

Inú kọ̀ǹpútà rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn processor, lè ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohun tí wọn kò tíì gbé dé iwájú rẹ̀. Kí ẹ tó yọ owó lápò, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún yín. Mi ò ní dárúkọ wọn, ó lè jẹ́ pé wọ́n wà láàárín wa. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí mo bá ti tan eléyìí, màá lọ ṣe àlùwàlá, màá kírun, màá ṣe àdúà, tí mo bá fi máa padà dé, nǹkan róbótó yẹn á ṣì máa yí." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo tàn án, mo fi fóònù mi ka àkókò. Ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 kọjá kó tó ṣeé lò. Ẹ̀rọ tí kò burú sì ni o: processor Core i5, RAM 4GB (àyè tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí), háàdì dísíìkì 500GB (ibi tó ń tọ́jú ẹrù sí), Windows 10 (ètò tó ń darí rẹ̀). Ọmọ wọn tó wà ní Èkó ti ní kí wọ́n gbé e jù nù.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, kó má gbàgbé bọ́tìnnì mẹ́ta yìí. Task Manager ni wọ́n ń ṣí, ojú tó ń fi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́ hàn. Bó bá yọ kékeré tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa rí òpó mẹ́rin tí nọ́ńbà wà lórí wọn: CPU (ìyẹn processor), Memory (ìyẹn RAM), Disk (ìyẹn dísíìkì), Network (ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì). Ti ìyá wa, CPU wà ní ìdá 6 nínú 100. Memory wà ní 71. Disk wà ní 100, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n. Mo ní, "Mà, ẹ wò ó, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín ń tòògbé. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìdá mẹ́fà lẹ ní ó ti darúgbó."

Mo tún tẹ Performance, mo tẹ CPU, mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lábẹ́ Up time fún mi. Ọjọ́ 41. Inú bí wọn. "Èmi tí mò ń pa á lálaalẹ́!" Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọ́n ń pa á. Windows gan-an ni kò kú. Láti ìgbà Windows 8 ni nǹkan kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Bí ẹ bá tẹ Shut down, kọ̀ǹpútà kì í pa ara rẹ̀ délẹ̀. Ó máa kọ ìpìlẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí dísíìkì, kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Bí nǹkan kan bá ti wọ́ nínú rẹ̀ lánàá, bó ṣe wọ́ náà ló máa jí. Restart kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Restart ń padà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Shut down lágbára ju Restart lọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, Restart ló ni ín. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá ku Disk tó wà ní 100. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí ibí ni àìsàn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ wá sọ́dọ̀ mi wà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí giramafóònù. Àwo dúdú, apá kan, abẹ́rẹ́ lẹ́nu apá yẹn. Giramafóònù ni háàdì dísíìkì, wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré ni. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ń yí nígbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń yí nígbà 5400. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sábà máa ń jẹ́ 7200. Ẹ máa ní ó yára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òde àríyá: orin kìn-ín-ní ń lọ, ẹnì kan ní kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ sórí ìkarùn-ún, kò tíì kọ ìlà méjì tí ẹlòmíì fi ní ìkejì lòun ń fẹ́, àna yín tún ní ìkẹta. Ẹ ò ní gbọ́ orin kankan, gbígbé abẹ́rẹ́ sókè sódò lẹ máa ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí Windows bá ń jí, kì í ṣe fáìlì ńlá kan ló ń kà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kí apá yẹn tó sún dé ibi tí wọ́n rán an, kí àwo tó yí ibẹ̀ débi abẹ́rẹ́, ó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é: kò lè dé ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ibi lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ sí Ìpàta nìyẹn.

Ohun tó lè gba ipò háàdì dísíìkì ni wọ́n ń pè ní SSD. Kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Bí káàdì tí ẹ ń kì bọ fóònù ló ṣe ń tọ́jú nǹkan, àmọ́ ó yára ju káàdì lọ fíìfíì. Ibi tí háàdì dísíìkì ti ń dé ọgọ́rùn-ún ibi, SSD máa dé ibi tó lé ní ẹgbàárùn-ún. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó ka lọ gbọrọrọ, bíi fídíò ìgbéyàwó, háàdì dísíìkì lè gbé nǹkan bí 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD tó ń lo ẹnu SATA (irú ẹnu tí háàdì dísíìkì láptọ́ọ̀pù ń lò) máa gbé nǹkan bí 500MB. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ tibẹ̀ kò ju ìlọ́po márùn-ún. Àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ ni ìyàtọ̀ ti di ọ̀run àti ayé, àwọn ló sì ń mú yín dúró láràárọ̀.

Mo dojú láptọ́ọ̀pù ìyá dé lórí tábìlì, mo yọ bátìrì rẹ̀ kúrò. Síkúrù méjì péré ló di ọmọrí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú. Mo ṣí i, háàdì dísíìkì yọjú, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gbóná lọ́wọ́ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ SSD 240GB tuntun, mo fi okùn USB so àwọn méjèèjì mọ́ láptọ́ọ̀pù tèmi, mo ní kó kó ohun gbogbo láti inú ọ̀kan sínú èkejì bó ṣe wà gẹ́lẹ́: Windows, lẹ́tà, fọ́tò, àti pásíwọọ̀dù tí ìyá ti gbàgbé. Ohun tó wà lórí tàtijọ́ kò tó 90GB, nítorí náà àyè gbà á. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì. Nígbà tó parí, mo ti SSD sínú àyè tí tàtijọ́ ti kúrò. Ẹnu kan náà ni wọ́n ní. Ó wọlé, ó dún "kọ́". Mo dá síkúrù méjèèjì padà, mo tàn án.

Ìṣẹ́jú àáyá 31.

Ìyá wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé kò gbàgbé nǹkan kan báyìí?"

Ẹ má ju háàdì dísíìkì àtijọ́ nù bó bá ṣì sàn. Páálí USB kékeré wà tí wọ́n ń tà, ẹ ti háàdì dísíìkì náà bọ inú rẹ̀, kó di àpótí fọ́tò. Bó bá jẹ́ pé ó ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, tàbí tí ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo kọ Caution tàbí Bad sí i lórí, ẹ tètè kó ẹrù yín jáde nínú rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì. Ohun kan tún wà: bí ẹnì kan bá fẹ́ ta SSD 16TB fún yín lówó táṣẹ́rẹ́, ẹ sá. Wọ́n ti tú irú rẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Káàdì fóònù kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páálí ńlá.

Kí n tó kúrò lórí dísíìkì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bàbá kan gbé kọ̀ǹpútà wá láti Èrìn-Ilé, wọ́n ní ó ń wọ́. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí Task Manager, kò sí ìwádìí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Fọ́màtì, ìyẹn kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, ni oògùn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nígbà náà. Mo béèrè bóyá nǹkan pàtàkì wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kò sí. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n padà wá, wọ́n ń wá fọ́tò ìsìnkú ìyá wọn. Nígbà tí mo ní "nǹkan pàtàkì", iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n rò pé mò ń bi wọ́n. Kò sí lọ́kàn wọn pé fọ́tò wà lára rẹ̀. Mo wá a títí, mi ò rí i. Bàbá náà kò bú mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í béèrè nǹkan pàtàkì mọ́. Mo máa ń béèrè pé, "Fọ́tò ta ló wà níbí?" Gbogbo èèyàn ló máa ń ní ẹnì kan.

Kọ̀ǹpútà bàbá yẹn yá fún oṣù méjì, ó tún padà sí bó ṣe wà. Giramafóònù inú rẹ̀ kò yí padà, ilẹ̀ lásán la gbá.

RAM ńkọ́? Ẹ gba agboolé àwọn ahunṣọ kọjá ní ìlú yìí, ẹ wo ẹni tó jókòó sídìí òfì. Òwú tó ń lò lọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó kù wà nínú yàrá. RAM ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, dísíìkì ni yàrá. Bí àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá kéré tí oníbàárà sì fẹ́ àwọ̀ méje, á máa dìde, á wọ yàrá, á jáde, á jókòó, á tún dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́ra lórí òfì. Ìdìde-jókòó ló ń jẹ ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí RAM bá kún, Windows á máa kó ohun tí ẹ kò wò lọ́wọ́ lọ sórí dísíìkì; tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, á lọ gbé e wá. Nítorí náà Disk lè wà ní 100 kó má jẹ́ ẹ̀bi dísíìkì. Memory lẹ máa wò. Bí òun náà bá ti kọjá 85 tàbí 90 nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe, RAM lẹ máa rà.

Microsoft, àwọn tó ṣe Windows, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 2GB tó fún Windows 10 ti 64-bit. Ó tó kó jí. Kò tó kó rìn. 4GB ń fún mọ́ra, 8GB ló ń mí dáadáa. Ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo Slots used: bó bá kọ 1 of 2, ihò kan ṣì ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ má kàn lọ sọ́jà kẹ́ ẹ ní "ẹ fún mi ní RAM". DDR3 kì í wọ ihò DDR4, gé tí wọ́n gé lára wọn kò sí níbì kan náà; ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà dání. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo About nínú Settings bóyá 32-bit ni Windows yín. Bó bá jẹ́ 32-bit, kò lè lò ju 4GB lọ, bẹ́ ẹ kó 16GB sí i. Mo ti rí ẹni tó ra 8GB, tó tàn án, tó kọ 3.4GB usable, tó sì padà lọ bá ẹni tó tà á fún un jà. Ẹni tó tà á kò jẹ gbèsè kankan.

Ní ti Chrome tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tààbù kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣí tí ẹ kò pa, ó jókòó sórí RAM. Ẹni tó ṣí tààbù ọgọ́ta lórí 4GB kó má wá mi wá.

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn. Wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé ẹṣin leégún ilé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun ẹṣin rí, tàbí tẹ́ ẹ ti wò ó nígbà ọdún, ẹ mọ̀ pé ẹṣin tí kò sáré, ó lè jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fa ìjánu. Kọ̀ǹpútà ní ìjánu tirẹ̀. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá gbóná dé ibì kan, ti ọ̀pọ̀ processor Intel kò jìnnà sí 100°C, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa ìjánu kí ó má bàa jóná. Ìlọra yẹn, ààbò ni. Ẹ lè dá a mọ̀: ara rẹ̀ á yá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó bá tó ogún ìṣẹ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fáànù á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, abẹ́ rẹ̀ á sì gbóná débi tí itan kò lè gbà á.

Ọyẹ́ wa ló ń fà á. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, eruku tó ń wọ yàrá yín ń wọ kọ̀ǹpútà náà. Lóṣù Kejì tó kọjá mo tú ọ̀kan tí ẹni tó ni ín ní òun kò tú rí láti ìgbà tóun ti rà á. Fáànù wà lápá kan, irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà jáde wà níwájú rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, eruku ti dì bí òwú inú ìrọ̀rí. Mo fi irun búrọ́ọ̀ṣì ká a, ó ká jáde lódindi, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n rẹ̀. Ooru kò rí ọ̀nà jáde láti ọdún mẹ́ta. Mo nu ìpara tó wà láàárín processor àti irin tó ń gba ooru lórí rẹ̀, ó ti gbẹ bí ẹfun, mo fi tuntun sí i. Kò ju wákàtí kan lọ, n kò sì ra ohunkóhun sí i lára yàtọ̀ sí ìpara yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ eruku fúnra yín, ẹ fi igi kékeré di fáànù mú kó má bàa yí, nítorí atẹ́gùn líle lè yí i kọjá agbára rẹ̀ kó bà á jẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì wo fíìmù, ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀. Tírè oúnjẹ lásán tó láti fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Ìjánu kejì wà tí àwọn oníṣẹ́ míì kò mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Màlété, ó ti yí háàdì dísíìkì, ó ti ra RAM, owó ilé ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Mo wo Performance, mo wo ibi tí wọ́n kọ Speed sí lábẹ́ CPU. Base speed rẹ̀ jẹ́ 2.40 GHz, iye tó ń sá kò kúrò lórí 0.79. Kò sì gbóná. Mo fa ṣájà yọ. Bí mo ṣe fà á yọ, ó fò lọ sí 2.6. Mo tún ti ṣájà náà bọ̀ ọ́, ó padà sí 0.79. Ṣájà ayédèrú ni. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n máa ń bi ṣájà léèrè irú ẹni tó jẹ́. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á gba iná díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì dín eré ara wọn kù. Ọmọ náà yá ṣájà ojúlówó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, ó yanjú. Owó RAM rẹ̀ ti lọ ní tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá yá lórí bátìrì tó sì ń wọ́ lórí iná, ẹ má wádìí síwájú mọ́.

Àwọn tó kù yá. Nínú Task Manager náà, Startup wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí wọn, ẹ tẹ Disable. Zoom kò ní ohunkóhun ṣe nílé yín láago méje àárọ̀. Ẹ fi ti ààbò sílẹ̀ o, ti ohùn náà, àti ti pátákó ìfọwọ́rà (touchpad). Ẹni tó bá ṣì wà lórí Windows 7, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ msconfig, ibẹ̀ ni tiyín wà. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣẹ́kù lórí C, ìyẹn ibi tí Windows wà lórí dísíìkì, kó má kún dẹ́nu. Ní ti fáírọ́ọ̀sì, fíláàṣì tẹ́ ẹ fi tẹ̀wé ní kàfé ni ẹ máa ṣọ́, àti àwọn ètò olówó gọbọi tí ẹnì kan bá yín kó lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn nínú wọn ń fi kọ̀ǹpútà yín wá owó fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ lo Windows Security tó bá a wá. Bí ẹ bá fi antivirus méjì sórí ẹ̀rọ kan, ara wọn ni wọ́n máa ṣọ́.

Mo tún ní ìkórìíra kan: àwọn ètò tó ń yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "Kọ̀ǹpútà rẹ ní ìṣòro 1,482, tẹ ibí." Wọn kò wo ohunkóhun. Wọ́n ń jókòó sórí RAM yín ni, wọ́n sì ń jí láràárọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni defrag, ìyẹn títo fáìlì tó fọ́n ká pa pọ̀: fún háàdì dísíìkì ni wọ́n ṣe é, Windows sì ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. SSD kò nílò rẹ̀, ńṣe ló ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé Windows 10 ti parí. Òótọ́ ni, 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń fún un. Kọ̀ǹpútà kò kú lọ́jọ́ yẹn, ihò tí olè lè gbà wọlé ni wọn kò dí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Windows 11 ń béèrè 4GB RAM, àyè 64GB, nǹkan ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, àti processor tí kò pẹ́ púpọ̀. Ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni púpọ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa kò dé ibẹ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà ló ń tẹ̀, tó ń ka ìròyìn, tó ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ẹ dán Linux Mint wò, ètò míì tó lè gba ipò Windows, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, 2GB RAM ti gbé e, ẹ sì lè ti orí fíláàṣì lò ó wò láìfọwọ́ kan Windows yín. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Bàbá kan láti Òmù-Àrán dìde, wọ́n ní tàwọn Pentium 4 ni, RAM 1GB, ṣé òkúta ìlọ irin á ràn án. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, àdá tí wọ́n ti pọ́n títí tó ti ku èèkù nìkan ni tiyín. Ẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ yín kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo inú rẹ̀." Wọ́n ní wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni, lẹ́tà ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a máa kó lẹ́tà náà jáde ná.

Ó ku ìṣẹ́jú ogún kí wọ́n pe ìrun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání, ẹ má jókòó tì í mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ìyá tó ní dúdú tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ létí, ẹ gbé e wá síwájú kí á kọ́kọ́ wo tiyín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift, Esc. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó mú iná.